Okòwò sogúndogójì: Nígbà tí ìrètí kò bèèrè ọ̀nà mọ́

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹrin, ọdún 2025, èrò ya bo ọ́fíìsì CBEX tó wà ní Òkè Àdó, n'Ìbàdàn. Kì í ṣe pé wọ́n wá fowó pamọ́ o. Owó wọn ti há, wọn kò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ni wọ́n bá ń kó àga àti ohun tí ọwọ́ wọn bá tó. Ìlérí tí wọ́n gbà ni pé owó wọn yóò di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan.

Ìlú ti rí irú èyí rí. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2016, MMM tí Sergei Mavrodi, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, dá sílẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn lẹ́yìn tó ti ṣèlérí èlé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti kìlọ̀ ṣáájú, etí ikún ni wọ́n kọ sí i. Àjọ NDIC ní nǹkan bí mílíọ̀nù 3 ènìyàn ló pàdánù bílíọ̀nù 18 náírà.

Kí ló wá mú wọn padà síbẹ̀? Ojúkòkòrò ni àwọn kan ń pè é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀wọ́n gógó ọjà bá ń sáré ju èlé báńkì lọ, kò yani lẹ́nu pé ènìyàn ń wá ọ̀nà mìíràn. Ìrètí fúnra rẹ̀ kò burú. Àgbẹ̀ tó gbin àgbàdo ń retí ìkórè, àmọ́ ó ti ro oko, ó ti wojú òjò, ó sì fi irúgbìn díẹ̀ pamọ́ bí òjò bá kọ̀. Ẹni tí ìrètí tirẹ̀ ti kọjá ààlà ń retí ìkórè láìbèèrè ibi tí oko wà. Nínú sogúndogójì, kò sí oko kankan: owó ẹni tó dé lẹ́yìn ni wọ́n fi ń san ti ẹni tó ṣáájú.

Àní lẹ́yìn tí CBEX ti dá, wọ́n tún ní kí àwọn oníbàárà san dọ́là 100 tàbí 200 sí i kí wọ́n tó lè rí owó wọn gbà. Ìrètí yẹn gan-an ni wọ́n tún fẹ́ tà fún wọn lẹ́ẹ̀kejì.

Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún kan náà fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà lélẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe irú okòwò bẹ́ẹ̀. Kò tíì pé oṣù kan tí ìròyìn òfin náà jáde tí CBEX fi dá.