Becky Ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ fún mi pé ayọ̀ ni A Little Princess tí Frances Hodgson Burnett gbé jáde ní 1905 fi parí. Bàbá Sara kú, owó tán, Miss Minchin sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń sùn lókè àjà. Gbogbo wa sunkún. Becky ti ń sùn níbẹ̀ kí Sara tó dé o. Ta ló sunkún tiẹ̀? Sara ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ọmọdébìnrin bíi tiẹ̀ náà lòun. Owó dáyámọ́ńdì wá dé, Sara ránṣẹ́ pe Becky. Kó wá ṣe kí ni? Kó wá máa ṣọmọ ọ̀dọ̀ òun! Ẹ má sọ pé bí ayé ìgbà yẹn ṣe rí nìyẹn. Burnett fúnra rẹ̀ ló fọ̀rọ̀ yẹn sí Sara lẹ́nu.