Ẹ Yé Fi Ọbẹ̀ Ìyá Yín Pamọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ràn láti máa sọ tí a bá jẹun tán, tí a ń lá ọwọ́: "Ọwọ́ màmá mi nìyẹn o, kò sẹ́ni tó lè sè é bẹ́ẹ̀." Tí ẹnì kan bá ní kí a kọ bí wọ́n ṣe ń sè é sílẹ̀, a ó rẹ́rìn-ín. A ó ní ọbẹ̀ kì í ṣe kẹ́mísírì. A ó ní àṣírí ìdílé ni. Àwa tí a ń kọ èyí náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, ojú wa sì ti rí nǹkan. Nítorí náà a ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: àṣírí yẹn gan-an ló ń pa oúnjẹ ilé wa. Kì í ṣe Indomie. Kì í ṣe òyìnbó. Kì í sì í ṣe àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ní wọn ò fẹ́ wọ kíṣíìnì. Ta ló jẹ́ kí wọ́n wọlé?

Ọmọ Agége ni wá, lẹ́bàá Pen Cinema. Ìkẹjà la ti ń ṣiṣẹ́, kóòdù là ń kọ jẹun. Ìyá àgbà wa, ìyá tó bí màmá wa, ẹ̀wà ló ń tà. Ìdájí ni yóò ti gbé ìkòkò kúrò ní Agége lọ sí ojú ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà, níbi tí ilé iṣẹ́ ti fẹ̀gbẹ́ kan ilé iṣẹ́. Àwọn tó ṣíwọ́ iṣẹ́ òru àti àwọn tó ń wọlé fún iṣẹ́ òwúrọ̀ á pàdé nídìí ìkòkò rẹ̀. Ẹ̀wà tó rọ̀ débi pé kò nílò eyín, ata dúdú lórí rẹ̀, epo tó ń ṣàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, búrẹ́dì Agége gbígbóná lọ́wọ́ kejì. Ẹ̀wà Àgànyìn. Bí ẹ bá ti jẹ ẹ́ rí, ẹ mọ ohun tí à ń wí. Bí ẹ ò bá tíì jẹ ẹ́ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fóònù yẹn tì, ẹ dìde.

Ẹ wo abọ́ yẹn dáadáa. Oúnjẹ wo ló tún jẹ́ ti Èkó jù ú lọ? Síbẹ̀, àlejò ló gbé ohun méjèèjì tó wà nínú rẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú búrẹ́dì. Ọmọ Jàmáíkà ni Amos Shackleford. Ó dé sí Nàìjíríà ní 1913 láti ṣe akọ̀wé níléeṣẹ́ rélùwéè. Ní 1921, òun àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé búrẹ́dì ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta. Òun ni wọ́n ní ó mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò títí yóò fi dán, tí yóò máa fà, wọ ìlú yìí. Nígbà tó yá, ọba búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin yìí ì bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọgbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ búrẹ́dì kì í ṣe iṣẹ́ àdáṣe. Ẹni tó ń pò ó, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń gé e, ẹni tó ń tì í sínú ààrò, gbogbo wọn ló ń fojú rí i. Àwọn tó kọ́ ọ kọ́ àwọn mìíràn. Ó dé Agége, níbi tí ilé búrẹ́dì Alhaji Ayọ̀kúnnú ti di ìlú mọ̀ọ́ká. Àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú irin kọjá á rà á gbé lọ sílé, wọ́n á ní búrẹ́dì Agége ni. Shackleford kú ní 1954. Lónìí, ẹni tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ń po ìyẹ̀fun náà ní Ìbàdàn, wọ́n sì ń tà á ní Peckham. Kò sí ìdílé kankan tó ni ín, ìdí nìyẹn tí kò fi tíì kú.

Àwọn ará Ṣáínà kan wà tí wọ́n ń pè ní Hakka. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ìdílé àlejò, torí pé àríwá ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá sí gúúsù. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé, ní ibùdó tuntun, wọn ò rí àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ wọn àtijọ́, ni wọ́n bá dá ihò sí tofu, ìyẹn wàrà tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, wọ́n ki ẹran lílọ̀ bọ̀ ọ́. Wọ́n gbé oúnjẹ yẹn dé Malaysia, aráyé sì kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Jàmáíkà tí Shackleford ti wá yẹn, Hakka ló pọ̀ jù nínú àwọn ará Ṣáínà tó wà níbẹ̀. Àlejò mọ ohun tí onílé kò mọ̀: ohun tí kò bá sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn lè sọnù sójú ọ̀nà.

Ata ẹ̀wà yẹn ńkọ́? Àgànyìn ni àwọn ará Èkó ń pe àwọn obìnrin tó ti ìhà Togo àti Benin wá. Ìyá àgbà wa kò jogún ata náà lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀ o. Ẹ̀kọ gbígbóná ló ń tà tẹ́lẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ kan, obìnrin Àgànyìn tí wọ́n jọ ń gbé fésì-mí-fésì-yù kan náà ní Agége, ló kọ́ ọ. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Shehu Shagari kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó kó ẹrù. Ibẹ̀ ni àpò Ghana-Must-Go ti gba orúkọ. Obìnrin yìí wà lára àwọn tó lọ. Kó tó lọ, ó pe ìyá àgbà wa jókòó, ó dín ata náà lójú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ gbọ́ o. Orílẹ̀-èdè wa ń lé e, ó jókòó, ó ń kọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà ní ohun tó fi ń jẹun.

Kí la wá fi ẹ̀bùn yẹn ṣe? A sọ ọ́ di àṣírí ìdílé.

Tí ata bá kù díẹ̀ kó jinná, ìyá àgbà á rán gbogbo ọmọ níṣẹ́: ìwọ lọ pọn omi, ìwọ lọ wo ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Tí a bá fi máa dé, ó ti parí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ òun. Wọ́n ní ìyàwó ni, kì í ṣe ọmọ, tó bá kọ ọkọ lọ́la ńkọ́? Àwa ọkùnrin ilé, wọn ò tilẹ̀ rò wá mọ́ ọn. Ìyá àgbà ní àkọ́bí òun obìnrin, ìyẹn màmá wa, ni òun máa sọ fún tí àkókò bá tó. Ní 2019, àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀, ó sì gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀. Màmá á dín ata, á gbé e wá, á fi ṣíbí kàn án létè. Ìyá àgbà á mi orí: rárá. Màmá á padà sí kíṣíìnì. Ó mi orí bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú.

Ẹ má sọ fún wa pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Àwa la fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Nínú iṣẹ́ tiwa, ìbéèrè kan wà tí a máa ń bi ara wa: ènìyàn mélòó ni mọ́tò máa gbá kí iṣẹ́ yìí tó dẹnu kọlẹ̀? Tí ìdáhùn bá jẹ́ ẹnì kan, a mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀, a ó sáré kọ ohun gbogbo sílẹ̀. À ń kọ README fún sọ́fítíwíà tí kò ní lo ọdún méjì láyé. Nígbà tí Linus Torvalds gbé Linux síta ní 1991, akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Helsinki. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ kà á kà á, kí ẹni tó bá lè tún un ṣe tún un ṣe. Òun ló wà nídìí Android tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín báyìí. A mọ gbogbo èyí. A ń fi í yangàn ní Computer Village. Tí a bá délé, a ó jókòó síwájú abọ́ ìyá wa, a ó ní àṣírí ni.

Àwọn kan á ní: Coca-Cola ńkọ́? Ṣebí àṣírí ló sọ wọ́n di olówó. Ó dáa. Coca-Cola kọ tiwọn sílẹ̀! Inú yàrá irin kan ní Atlanta ni wọ́n tọ́jú ìwé náà sí, láti 2011 ni wọ́n sì ti ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń wá wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àṣírí tó wà nínú ìwé àti àṣírí tó wà lórí ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá. Ẹ lọ sí Àgídíńgbì níbi tí Cadbury ti ń ṣe Bournvita. Òṣìṣẹ́ ń lọ, òṣìṣẹ́ ń bọ̀, kò sẹ́ni tó ń dúró de ìyá kankan kó wá fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ohun tó dùn wá jù nìyẹn. Nǹkan bí ogójì ọdún ni ìyá àgbà wa fi ń bọ́ àwọn tó ń fi ìwé ṣe oúnjẹ, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó ra ìwé eléwé ogójì fún un.

Àwọn mìíràn á ní wọn á jí i. Kí wọ́n jí i jàre. Àwọn tó mọ búrẹ́dì Agége ṣe kò lóǹkà, síbẹ̀ ẹ mọ ibi tí ẹ máa ń yà sí. Ìdájí tí ẹ jí, ọwọ́ tó mọ́, ẹnu tó ń kí oníbàárà, ìyẹn lẹ fi ń tajà.

"Ọwọ́ ni" wá ńkọ́? Lẹ́yìn ìsìnkú, a ra òṣùwọ̀n kékeré kan, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. A bá Màmá jókòó ní kíṣíìnì. Ohunkóhun tó bá bù, kó tó dà á sínú ìkòkò, a ó gbé e lé òṣùwọ̀n. Ó bínú lákọ̀ọ́kọ́. "Ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣeré ni?" Ẹ̀kúnwọ́ ata gbígbẹ kan tó bù jẹ́ gíráàmù 38. Lọ́sẹ̀ kejì, 41. Lọ́sẹ̀ kẹta, 37. Ọwọ́ tí ẹ ní kò ṣe é wọ̀n ti ń wọn nǹkan láti ọjọ́ tó ti pẹ́. A kọ ọ́ pé ata náà máa rẹ sínú omi, pé wọ́n máa lọ̀ ọ́ kó rí wóró-wóró, kó má kúnná. A kọ ọ́ pé epo pupa máa pẹ́ lórí iná títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí, pé àlùbọ́sà ló máa kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ní ọjọ́ kẹrin, Màmá gba bírò lọ́wọ́ wa. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé iná rẹ̀ kékeré ni o. Ẹni tó bá kánjú, kó lọ se ìrẹsì."

Ìrẹsì náà tilẹ̀ kàn. A ti bá àwọn ará Ghana jà lórí jọ̀lọ́ọ̀fù lórí Twitter títí ó fi sú àwa fúnra wa. Ní 2021, Senegal, ilẹ̀ àwọn Wolof tí orúkọ oúnjẹ náà ti wá, gbé ceebu jën tiwọn lọ bá UNESCO, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún àṣà àgbáyé. Lọ́dún kan náà, Haiti gbé ọbẹ̀ elégédé wọn, soup joumou, lọ. UNESCO kì í béèrè ta ni tirẹ̀ dùn jù. Wọ́n ń béèrè bí ìmọ̀ náà ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn tó rí ìdáhùn fún un ló gba ìwé. Àwa ṣì ń fi emoji iná ránṣẹ́.

Ata ilé wa kò tíì pé. Fáìlì rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè kà á, ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe, ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa sì ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú níbẹ̀. Ìlà kẹtàlá ló ṣófo. Ohun tí a kọ síbẹ̀ ni: "Ohun tí Ìyá Àgbà ń fi sí i nígbà tó bá rán wa níṣẹ́." A ti dín in ní ìgbà mọ́kànlá. Màmá á tọ́ ọ wò, á sì mi orí bíi ti ìyá rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a lọ bá obìnrin kan tó ń ta ẹ̀wà ní Ìyànà Ìpájà, tí ìyá rẹ̀ ti Togo wá. A kúnlẹ̀ kí i, a ṣàlàyé. Ó wò wá, ó wo òṣùwọ̀n tó wà lọ́wọ́ wa, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́rin ìdájí. Ẹ gbé ata tiyín dání o."