Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Ohùn Àwọn Ará Ajégúnlẹ̀

Àwọn bàbá wa kò ṣì í sọ nígbà tí wọ́n pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Wọ́n rí àpótí kan tí ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí ń ròyìn, tí ń kọrin, tí ń pàṣẹ, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò lè dá lóhùn. Orúkọ náà pa ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ gbé yẹ̀wò. Ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ lójú afẹ́fẹ́, ta ni a sì fi sílẹ̀ láti máa gbọ́ nìkan? A fẹ́ sọ èrò wa lórí ọ̀rọ̀ yìí, a ó sì fi Ajégúnlẹ̀ ní Èkó ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé bí rédíò kékeré bá lè wúlò níbì kan, a kò mọ ibi tí yóò ti wúlò ju ibẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà fa ohùn láti ilé iṣẹ́ kan ní Èkó lọ sí ilé àwọn tí ó lè san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ọ̀rọ̀ BBC láti Lọ́ńdọ̀nù ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí àpótí náà ń sọ. Ẹni tí ó ni ín kò lè yí i sí ibòmíràn. Kí ó gbọ́ tàbí kí ó pa á, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ. Ní 1951 ìjọba dá ilé iṣẹ́ rédíò fún gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀. Ní 1953, nígbà tí ìjà òṣèlú gbóná, Gómìnà Macpherson sọ̀rọ̀ lórí rédíò náà, ó sì dẹ́bi fún Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Awólọ́wọ̀ béèrè àyè láti fèsì lórí ẹ̀rọ kan náà. Wọn kò fún un. Àwọn àgbà sì ti wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó mú kí Ìwọ̀ Oòrùn dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, tí tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ẹ kíyèsí i pé ìfẹ́ eré àti orin nìkan kọ́ ni ó bí ilé iṣẹ́ náà. Àìrí àyè fèsì wà nínú ohun tí ó bí i.

Ní báyìí, rédíò pọ̀ ní Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán. Ajégúnlẹ̀ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajéròmi-Ìfẹ́lódùn, ní ẹ̀gbẹ́ Apápá níbi tí èbúté ọkọ̀ ojú omi wà. Orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti tọ ajé náà wá láti ibi gbogbo: Yorùbá àti Ìlàjẹ, Igbo àti Ìjọ, Urhobo àti Isoko, Hausa àti Ìṣẹ́kírì. Ilé fara kan ilé, ojúlé kan a sì máa gba èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ibẹ̀ ni Daddy Showkey ti kọrin títí gbogbo ilẹ̀ yìí fi gbọ́. Ibẹ̀ ni Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù kí òkè òkun tó mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, rédíò ńlá tí ń bá gbogbo Èkó sọ̀rọ̀ kò lè máa sọ fún ọjà Boundary pé àgbàrá ti bo ọ̀nà kan lẹ́yìn òjò òru, tàbí pé a rí ọmọ kan tí ó sọnù, tàbí pé àwọn nọ́ọ̀sì yóò fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́la ní àdúgbò báyìí. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ẹni tí ń bá ogunlọ́gọ̀ sọ̀rọ̀ kò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kan.

Rédíò kékeré lè dúró níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń fọ́n ohùn sí afẹ́fẹ́, tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 100, ìyẹn ni agbára tí gílóòbù iná kan àtijọ́ ń jẹ, lè mú ohùn lọ tó bí máìlì mẹ́ta àtààbọ̀ lórí FM bí a bá gbé òpó rẹ̀ sókè dáadáa. Ìyẹn tó láti kárí Ajégúnlẹ̀, kí ó sì ta dé Apápá. Ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dun olùgbọ́, olùgbọ́ náà lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá a, kí ó sì fèsì. Rédíò tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé ti kúrò ní asọ̀rọ̀mágbèsì.

Kí ni ó wá ṣòro? Òfin ni. A kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a kórìíra òfin, nítorí ojú afẹ́fẹ́ dàbí ọjà tí kò ní ògiri: bí ẹni méjì bá gbé igbá kalẹ̀ sí ojú kan náà, ọjà àwọn méjèèjì ni yóò dàrú. Ọ̀nà tí FM ń gbà parí sí 108 lórí ojú rédíò, láti ibẹ̀ lọ sókè ni àwọn ẹ̀rọ tí ń tọ́ ọkọ̀ òfuurufú sọ́nà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a kò tò dáadáa lè ta ohùn rẹ̀ sí ibi tí ẹ̀mí ènìyàn wà. Nítorí náà ó yẹ kí aṣọ́nà wà. Ohun tí à ń bi ni bí aṣọ́nà náà ṣe ń wọn àwọn tí ó bá dé ẹnu ibodè.

Títí di 1992, ìjọba nìkan ni ó ní rédíò ní Nàìjíríà. Ní ọdún náà ni òfin 38 dá àjọ tí ń ṣàkóso rẹ̀, NBC, sílẹ̀. Nígbà tí ó di 1994, Raypower di rédíò àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ti ìjọba. Òfin náà kọ̀ láti fi ìwé àṣẹ fún ẹgbẹ́ òṣèlú, ó sì kọ̀ láti fi í fún ìjọ ẹ̀sìn. Àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kò rojọ́ sí èyí. Ohùn tí gbogbo àdúgbò yóò jọ ní kò yẹ kí ó wà lọ́wọ́ ìjọ kan. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní kí àjọ náà yẹ ìbéèrè wò, kí ó gbé e gba ọwọ́ Mínísítà lọ sí ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Ìwé òfin ńlá ti 1999, ní ìpín 39, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti dá ìwé ìròyìn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ó ní àfi ìjọba tàbí ẹni tí Ààrẹ bá fún láṣẹ. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí, a kò tọrọ àyè lọ́wọ́ Ààrẹ kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn ìyá ọlọ́jà ní Ajégúnlẹ̀ bá fẹ́ ka ọ̀rọ̀ kan náà sí etí ara wọn lórí wáàtì díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà di ti Àbújá.

Ọ̀nà náà sì gùn. Ní 2003 ni àwọn ẹgbẹ́ kan parapọ̀ láti máa béèrè pé kí a fún àwọn ará àdúgbò ní rédíò tiwọn. Ní 2004 rédíò Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ìyẹn. Ó di 2015 kí ìjọba tó fọwọ́ sí rédíò àdúgbò 17 ní gbogbo Nàìjíríà. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ ti parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí èsì tó dé.

Ti owó tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, àjọ náà kéde pé òun ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n 52 nítorí gbèsè owó ìwé àṣẹ, ó sì ní kí wọ́n kógbá sílé láàárín wákàtí 24. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí ń gba owó ìpolówó wà nínú wọn, ti ìjọba ìpínlẹ̀ sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n dá ọwọ́ àṣẹ náà dúró. Bí erin bá ń wólẹ̀ lábẹ́ ẹrù yìí, kí ni èkúté ilé yóò ṣe?

Àwọn ibòmíràn ti la ọ̀nà yìí kọjá. Ní Cape Town, àwọn ará Bush Radio sọ̀rọ̀ lójú afẹ́fẹ́ láìní ìwé àṣẹ ní 1993. Ìjọba kó ẹ̀rọ wọn lọ. Ní 1995 Gúúsù Áfíríkà fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ní Gánà, Radio Ada bẹ̀rẹ̀ ní 1998, èdè Dangme tí àwọn apẹja àti àgbẹ̀ ibẹ̀ ń sọ nílé ni ó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba fi àyè sílẹ̀ ní 2000 fún ẹgbẹ́ tí kò wá èrè láti dá rédíò tí kò ju wáàtì 100 lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kígbe pé yóò da ohùn àwọn rú, àwọn aṣòfin sì fún ọ̀nà náà pa. Wọ́n ní kí àwọn onímọ̀ wádìí. Ìwádìí fi hàn pé ẹ̀rù náà ju ewu rẹ̀ lọ, òfin tuntun sì tún la ọ̀nà náà ní oṣù kìíní ọdún 2011. Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe òfin: kí a wádìí, kí a sì ṣàtúnṣe.

Nítorí náà ohun mẹ́rin ni a ń béèrè. Èkíní, kí owó ìwé àṣẹ bá agbára ẹ̀rọ mu, kí a má ṣe fi òṣùwọ̀n àwọn tí ń gbọ́ ohùn dé ìpínlẹ̀ mẹ́ta wọn ẹni tí ohùn rẹ̀ kò kọjá àdúgbò. Èkejì, kí òfin dá ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ fèsì sí ìbéèrè, kí a sì kọ ìdí sílẹ̀ bí a bá kọ̀. Ẹ̀kẹta, kí àṣẹ ìkẹyìn lórí rédíò kékeré wà lọ́wọ́ àjọ tí kò gbára lé olóṣèlú, kì í ṣe lọ́wọ́ Ààrẹ. Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe pa ẹnu ilé iṣẹ́ kankan dé kí adájọ́ tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ti sọ pé àjọ náà kì í ṣe ilé ẹjọ́, kò sì ní agbára láti máa bu owó ìtanràn lé àwọn ilé iṣẹ́. Ìdájọ́ tí ó dára ni lójú wa.

A mọ ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n yóò sọ. Wọn yóò ní ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Wọn yóò rán wa létí Rùwáńdà ní 1994, níbi tí rédíò RTLM ti ń rọ àwọn ènìyàn láti pa aládùúgbò wọn. Wọn yóò rán wa létí Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀, níbi tí ìjà Yorùbá àti Hausa ti bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, tí ó sì tàn ká Èkó. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ará àdúgbò tí kò lówó ni ó dá RTLM sílẹ̀. Àwọn alágbára tí ó sún mọ́ ìjọba ni, ohùn wọn sì ń dé ọ̀nà jíjìn. Ní ti Ajégúnlẹ̀, àhesọ kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó máa ti ojúlé dé ojúlé. Ohun tí ó lè dá a lẹ́kun ni ohùn kan tí gbogbo èdè àdúgbò jọ mọ̀, tí bàálẹ̀, sẹ́ríkí àti àwọn àgbà ìlú yòókù lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà, kí wọ́n sọ pé irọ́ ni. Nítorí náà a fara mọ́ ọn pé kí òfin wí fún rédíò bẹ́ẹ̀ pé ẹ̀yà kan kò gbọdọ̀ dá a ní, àti pé kí àwọn tí ń ṣàkóso rẹ̀ wá láti inú gbogbo èdè tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní 2020, orí rédíò ni ìjọba Èkó gbé ẹ̀kọ́ lọ. Ó ṣeun, nítorí ó sàn ju òfo lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́ wa ni ẹ ń kọ́ wa lójoojúmọ́ pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kò wo ojú ọmọ kò tíì kọ́ ọmọ. Ẹ̀kọ́ kan náà ni ó wọ ilé gbogbo, olùkọ́ kò sì rí ojú ọmọ tí kò yé. Bí àdúgbò bá ní rédíò tirẹ̀, olùkọ́ àdúgbò ni yóò kọ́ ẹ̀kọ́ náà, ní èdè tí àwọn ọmọ gbọ́, òun yóò sì pàdé wọn lọ́nà ní ọjọ́ kejì láti bi wọ́n léèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a ó rán lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mọ òfin yìí, kí a lè ran àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́ láti kọ ìbéèrè wọn bí ó ti yẹ, kí a sì bá wọn béèrè títí èsì yóò fi dé.

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Orí Ajégúnlẹ̀ ti wà lábẹ́ abẹ fún ìgbà pípẹ́ láìsí ẹni tí ó bi í bí ó ṣe fẹ́ kí a fá a. Kí ìjọba máa ṣọ́ ibodè, ìyẹn tọ́. Ṣùgbọ́n kí ó ṣí ibodè náà fún ẹni tí ó gbé igbá kékeré wá, kí ó sì jẹ́ kí àwọn tí ó ti ń gbọ́ láti ọdún 1935 wá ráyè fèsì.