Ariwo Wáyà Olówó Gọbọi

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ta ni ó ní wáyà USB oníwúrà ni yóò mú ohùn dùn? N kò gbà! Òǹkà ni wáyà ń gbé lọ sínú DAC, ẹ̀rọ tí ń sọ òǹkà di ohùn. Bí òǹkà bá dé pé, kí ni wúrà fẹ́ fi kún un? Àmọ́ bí iná kọ̀ǹpútà bá bá wáyà wọlé, tí ẹ̀rọ àfisétí ń kùn bí oyin, báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè yóò ṣe mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀? TOSLINK, tí Toshiba gbé jáde ní 1983, ni kí ẹ lò: ìmọ́lẹ̀ ní ń gbé òǹkà rẹ̀, iná kò lè bá a kọjá. Kí ẹ kọ́kọ́ wo ihò rẹ̀ lára kọ̀ǹpútà yín o. Ọ̀pọ̀ kò ní in.