Alágbàtà Tí Ń Sọ Ọjà Di Ọ̀pọ̀

Àwọn àgbà ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ó jọ pé wọn ò bá alágbàtà ilé pàdé.

Èyí tó kó kọ́lékọ́lé wá sí ilé ẹbí onígègé yìí n'Ílọ́fà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ńṣe ló ń já ọjà ọlọ́jà wálẹ̀. (Àdúrà mi ni pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àmì abẹ́ "ọ" já bọ́ lára kọ́lékọ́lé.) "Bàbá, ẹ má ka yàrá fún wa o. Wíwó ni wọ́n máa wó o. Ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rà." Kò tíì jókòó tán.

Ohun mẹ́ta ni ojú ewé yìí fẹ́ tú wò: kọ́míṣàn, ìwé, ẹbí.

Kọ́míṣàn: alágbàtà ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, ó tún ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń rà. Ẹni tó ń tà rò pé bí owó bá ṣe ga tó ni kọ́míṣàn ṣe máa wú tó, pé ọ̀rẹ́ òun ni. Irọ́! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni bàbá máa ta ilé láyé. Kọ́lékọ́lé á tún ra òmíràn, á sì tún wá ẹni tí yóò bá a ta fúláàtì tó bá kọ́ tán. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni alágbàtà fẹ́ bí nínú?

Ẹ má ka yàrá! Bí ẹni pé ilé agbègbè wa ò ní iyì. Ní Òsì, nítòsí Ìlọ́fà, ni Aréògún agbẹ́gilére ti gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó kó tó kú ní 1954. Bámigbóyè, agbẹ́gilére ti Kájọlà, odidi àfihàn kan ni Yunifásítì Yale l'Amẹ́ríkà fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ní 2022. Ilẹ̀kùn ilé ẹbí onígègé yìí ò ní ọnà kankan, pákó lásán ni, àmọ́ alágbàtà ò tiẹ̀ bojú wò ó.

Ìwé ńkọ́? Òfin Ìlò Ilẹ̀ 1978 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí títà ilẹ̀ tí kò sí ní ìgboro; ti ìgboro, gómìnà. "Ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún wa," ni alágbàtà wí.

Ẹbí: láti 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni ilé ẹjọ́ ti là á pé ilẹ̀ ẹbí tí ọmọ ẹbí kan tà lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni, èyí tí olórí ẹbí dá tà láìgbọ́ tẹnu àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè gbà á padà. Ṣùgbọ́n kọ́míṣàn ọ̀hún ò tíì tán nínú onígègé yìí. Ó béèrè: "Èló ni wọ́n ń fún ọ níbẹ̀ yẹn?" Alágbàtà rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bàbá."

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, àbúrò onígègé yìí ti fi ọ̀dà pupa kọ ohun tí ará Èkó máa ń kọ sára ògiri: Ilé yìí kì í ṣe títà. Àmì abẹ́ "ṣ" nìkan ló gbàgbé.