Ọ̀RỌ̀ ỌGBÀ: Ohun Tí Ọyẹ́ Kò Lè Pa Lójú Fèrèsé

  

Oṣù Ọ̀wàrà ni a wà yìí. Òjò ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Bí èyí tí ó kẹ́yìn bá ti rọ̀ tán, ó di oṣù Igbe kí a tó rí òjò gidi mìíràn. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ti gbígbin ohun tútù sínú ìkòkò àti sínú àpótí ojú fèrèsé, irú èyí tí kì í kú lẹ́yìn ọdún kan, tí ojú yóò máa rí nígbà tí gbogbo koríko ìta bá ti gbẹ. Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ olówó ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tèmi ná.

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí èmi àti ìyàwó mi kó dé ìhín, ìyá mi gé igi ewúro mẹ́ta ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nílé, ó fi aṣọ tútù dì í fún wa. Ó ní, “Ẹ gbìn ín sí ìtòsí. Ẹni tí ó ń ra ewúro jẹ kò tíì délé.” Mo gbin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú garawa kan tí mi ò dá ihò sí nídìí. Mo gbé e sórí sìmẹ́ńtì nínú oòrùn, mo sì ń da omi sí i lọ́sàn-án gangan lójoojúmọ́. Kí Kérésìmesì tó dé, gbogbo rẹ̀ ti rà. Ọyẹ́ ni mo dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni ó pa á. Nígbà tí ìyá mi béèrè rẹ̀, mo ní ó ń ṣe dáadáa. Irọ́ náà dùn mí títí mo fi tọrọ òmíràn.

Ìgbà kejì, mo ní ilẹ̀ ni mo máa gbìn ín sí. Mo gbìn ín sẹ́bàá ògiri, mo sì to pẹ̀rẹ́gún tẹ̀ lé e kí ó lè ṣe ọgbà. Ìjọ́ kẹta, bàbá onílé wa, tí í ṣe ọmọ Gbagyi, wá dúró tì í. Ó wò ó títí, ó ní, “Akọ̀wé, ṣé ilẹ̀ mi ni ò ń pa ààlà fún?” Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Ojú tì mí, nítorí ó yẹ kí n ti mọ̀. Nílẹ̀ tiwa náà, pẹ̀rẹ́gún ni ẹlẹ́rìí ààlà. Àlejò tí a fún ní ilẹ̀ dáko lè gbin àgbàdo, ó lè gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́. Kò gbọdọ̀ gbin kòkó tàbí obì láìgba àṣẹ onílẹ̀, nítorí pé igi tí ó bá pẹ́ nílẹ̀ a máa di ẹ̀rí, ẹ̀rí a sì máa di ẹjọ́ fún àwọn ọmọ tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a gbìn ín. Ohun tí àwọn baba wa kò ní gbà lọ́wọ́ àlejò, kí ni a ó ṣe máa ṣe é fún ẹni tí ó gbà wá sílé? Mo hú gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ fi ìkòkò amọ̀ méjì ránṣẹ́ sí wa. Ó ní kí a gbìn ín síbẹ̀, kí a lè gbé e dání bí a bá ń lọ.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ojú irin gbé wá síhìn-ín, tàbí tí ó gbé baba wa wá. Kí ọdún 1912 tó parí ni ọ̀nà irin tí ó ti Èkó wá ti pàdé èyí tí ó ti Bárò lọ sí Kánò, níhìn-ín ní Mínná. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbé yàrá ilé onílé. Yàrá kò ní oko, ṣùgbọ́n ó ní ojú fèrèsé. Ìkòkò kì í sì í pa ààlà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì lọ wá ìkòkò jìnnà. Àwọn tí a bá nílẹ̀ yìí ni ọ̀gá nínú rẹ̀. Ẹ mú owó ₦20 kan, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: obìnrin tí ń mọ ìkòkò tí ẹ rí níbẹ̀ ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìmọkòkò Àbújá àtijọ́, tí à ń pè ní Suleja nísinsin yìí, ní ọdún 1954, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn dé òkè òkun. Ìkòkò amọ̀ tí a kò fi dídán kùn lára dára fún ọ̀gbìn nítorí pé ó ń mí. Omi ń yọ́ jáde lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ, gẹ́gẹ́ bí àmù ṣe ń mú omi wa tutù. Gbòǹgbò kì í jóná nínú rẹ̀ bí ó ti ń jóná nínú garawa. Àléébù rẹ̀ ni pé ó tètè ń gbẹ, ṣùgbọ́n a ó rí ọ̀nà sí ìyẹn.

Nísinsin yìí, kí ni ọyẹ́ ń ṣe gan-an? Àwọn ará wa tí ó wà ní London náà ń gbin nǹkan sójú fèrèsé nígbà òtútù. Yìnyín ni ọ̀tá tiwọn: omi inú ìkòkò a dì, a wú, a sì la ìkòkò sí méjì. Nítorí náà ni wọ́n fi ń yan ohun tí ó le, bí ivy àti heather. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni tiwa, tí ó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá láti ọ̀nà àríwá òun ìlà-oòrùn. Òru a tutù, ọ̀sán a gbóná, afẹ́fẹ́ a sì máa fa omi lára ewé ju bí gbòǹgbò ṣe lè fà á gòkè lọ. Eruku a bo ewé, kò ní í rí ìmọ́lẹ̀ tó. Erùpẹ̀ a súnkì kúrò létí ìkòkò, omi tí a bá dà á a gba ẹ̀gbẹ́ jáde láìdé ìdí igi. Ẹni tí ó bá mọ̀ èyí ti mọ ìdajì iṣẹ́.

Ìkòkò ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ rí i pé ihò mẹ́ta sí márùn-ún wà nídìí rẹ̀, kí ẹ fi àpáàdì bò wọ́n kí erùpẹ̀ má ṣàn lọ. Ẹ po erùpẹ̀ dúdú ìwọ̀n méjì mọ́ yanrìn ìwọ̀n kan àti ìgbẹ́ àgùntàn tàbí ti adìẹ tí ó ti jẹrà dáadáa ìwọ̀n kan. Ìgbẹ́ tútù yóò jó gbòǹgbò. Ẹ má kún ìkòkò dé ẹnu. Ẹ fi ínǹṣì 2 sílẹ̀, kí ẹ wá da èèpo ẹ̀pà tàbí èèpo ìrẹsì bo ojú erùpẹ̀. Èyí ni kì í jẹ́ kí oòrùn mu omi wa tán.

Fún ojú fèrèsé, ẹ lè kan àpótí pákó tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2, tí ó sì jìn ní ínǹṣì 8, kí ẹ lu ihò sí i nídìí. Erùpẹ̀ tútù wúwo púpọ̀. Ẹ fi wáyà so àpótí náà mọ́ irin fèrèsé gbọingbọin kí ó má bàa já lu ọmọ ẹlòmíràn lórí. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ni ẹ gbé e sí, ẹ fi òkúta gbé e sókè nítorí ikán.

Ohun tí a ó gbìn ni ó kàn. Èyí tí ó le jù ni ọjá ìkòokò, tí ewé rẹ̀ dúró ṣánṣán bí idà. Inú ewé àti gbòǹgbò rẹ̀ ni ó ń tọ́jú omi sí. Nínú ọyẹ́, omi ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì tó o. Àpọ̀jù omi nìkan ni ó ń pa á. Ahọ́n erin náà rí bẹ́ẹ̀. Fún àwọn méjèèjì, ẹ fi yanrìn kún erùpẹ̀ wọn sí i.

Àbámodá ni ó wù mí jù. Ẹ fi ewé rẹ̀ kan lélẹ̀, ọmọ yóò hù ní etí rẹ̀ yíká. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ gan-an ni ó sì ń yọ òdòdó, tí yóò rọ̀ bí agogo wẹ́wẹ́, nígbà tí òdòdó mìíràn ti sá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ ẹ́ o, ó ní oró fún ẹran. Òdúndún, ìbátan rẹ̀, dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí ó ga, ẹ ti pẹ̀rẹ́gún bọ ìkòkò ńlá. Ibi tí òjìji wà tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Àwọn tí yóò wọ ọbẹ̀ ńkọ́? Ẹfinrin lè gbé ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìkòkò bí a bá ń já orí rẹ̀ kí ó tó so. Koríko ọba, tí a ń sè mu bíi tíì fún òtútù, ẹ ya ìdí rẹ̀ sí méjì tàbí mẹ́ta lọ́dọọdún. Ewúro ń fẹ́ ìkòkò ńlá. Ẹ máa gé e kúrú, yóò máa rú. Ẹ gbin gbogbo ìwọ̀nyí nísinsin yìí tí ilẹ̀ ṣì tutù, kí gbòǹgbò wọn lè múlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ omi, èyí tí ó fa ìjà díẹ̀ nílé mi. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kànga a máa jìn, kẹ́ẹ̀gì mairúwà ni à ń rà. Ìyàwó mi ní, “Bàbá Ìbejì, omi tí mo fi owó rà ni o fẹ́ fi fún koríko mu?” Òótọ́ ni ó sọ, mi ò rí èsì fọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wá rí ọ̀nà àbáyọ: omi tí ó fi ṣan ìrẹsì, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni ó ń dà sí korobá kan. Ìkòkò wa mẹ́fà kì í gbà ju lítà 4 lọ lójúmọ́, omi ìṣanwọ́ ilé ìdáná sì ń tó o. Ẹ má da omi oníyọ̀ tàbí ti ọṣẹ ìfọṣọ sí i.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ bomi rin ín. Ẹ ti ìka bọ erùpẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ó bá ṣì tutù níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá ń rìnrìn-àjò lọ sílé fún ọdún, ẹ ri ìkòkò amọ̀ kékeré kan tí kò ní ihò mọ́ àárín ìkòkò ńlá, ẹ pọn omi kún un, ẹ dé e lórí. Omi yóò máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ bí erùpẹ̀ bá ti ń gbẹ. Ẹ má fi omi sílẹ̀ nínú àwo abẹ́ ìkòkò, ẹ̀fọn yóò pa ọmọ sí i.

Ẹ gbé àwọn eléwé fẹ́lẹ́ sí ibi tí ògiri ti dí afẹ́fẹ́ àríwá lọ́nà, tí oòrùn òwúrọ̀ sì ń dé. Fèrèsé tí ó kọjú sí gúúsù, tí oòrùn oṣù Ọ̀pẹ ń wọ̀, ẹ fi ahọ́n erin àti àbámodá síbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ fún àwọn ọmọ ní àkísà tútù kí wọ́n fi nu eruku ara ewé. Ẹ má ṣe lo agolo tí ó ti gba oògùn kòkòrò rí fún ohun tí a ó jẹ.

Ẹ̀yin ará, ìyá mi ti sùn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́lé sí ẹ̀yìnkùlé náà, ewúro ibẹ̀ kò sí mọ́. Èyí tí ó wà nínú ìkòkò ìyá onílé, lójú fèrèsé wa ní Fadikpe, ni ó kù nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ mi kò mọ ẹ̀yìnkùlé yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìkorò rẹ̀ dáadáa.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń bọ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́, kí olúkúlùkù mú ohun tí ó ní dání, bóyá ewé àbámodá kan, bóyá ìdí koríko ọba, kí a jọ pín in. Ẹni tí ó bá fẹ́ ewúro, kí ó wá sọ́dọ̀ mi. Kí a sì rántí àwọn ọlọ́mọ tuntun tí orúkọ wọn wà lójú ìwé ìròyìn ẹbí: ìkòkò kan fún ìyá ìkókó kọ̀ọ̀kan kò pọ̀ jù.

Ó tún di oṣù tí ń bọ̀ o. Kí ọyẹ́ yìí tù wá lára.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Rélùwéè