Owó tó ju àbẹ̀wò lọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì l'Óṣogbo àti Iléṣà tẹ́ ẹ fẹ́ lọ kí àwọn ọmọ aláìlóbìí nílẹ̀ òkèèrè, ẹ fetí sí eléyìí ná. Lọ́dún 1896, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Wesley Guild sílẹ̀ n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àánú ọmọ ọlọ́mọ ń ṣe àwọn náà, ṣùgbọ́n dípò kí gbogbo wọn máa wọkọ̀ ojú omi wá, owó ni wọ́n ń dá jọ. Òun ni wọ́n fi ti ọsibítù tí Dókítà Stephens bẹ̀rẹ̀ n'Íléṣà lẹ́yìn. Ta ni ò mọ Wesley Guild l'Íjẹ̀ṣà lónìí?

Ibẹ̀ náà ni Dókítà David Morley wá ṣiṣẹ́ lọ́dún 1956. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ṣe káàdì tí wọ́n fi ń ṣọ́ ìwọ̀n ọmọ, ọwọ́ ìyá ọmọ ló sì fi í sí. Káàdì ọ̀hún dé orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan kì í tọ́ ọmọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ojú yín, tẹ́ ẹ wá wọkọ̀ lọ, ẹkún ló kù fún un. Ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú wọn léèrè ohun tí wọ́n ń ná lóṣooṣù, kẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ ojú ọmọ lẹ fẹ́ rí, ṣé kò sí ọmọ aláìlóbìí l'Óṣogbo ni?